Bí Òrìṣà Àlejò Ṣe Ń Rí Ilẹ̀ Jókòó: Láti Manigri Dé Accra

Tẹ́ńpìlì Híńdù tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú èyí tí àwọn ọmọ adúláwọ̀ fúnra wọn dá sílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà ní Odorkor, nínú ìlú Accra. Ọmọ Gánà ló tẹ̀ ẹ́ dó. Ó sì ti lé ní ogójì ọdún tí ó ti jókòó sáàárín ìlú tí ṣọ́ọ̀ṣì kún fọ́fọ́, tí mọ́ṣáláṣí náà kò gbẹ́yìn níbẹ̀, tí kò sì di ìjà ìgboro. Bí àwọn èèyàn bá ń wá ìdí rẹ̀, ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn náà ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí: wọ́n ní ẹlẹ́sìn Híńdù gbà pé ọ̀nà kan ò wọjà, pé orúkọ yòówù kí a fi pe Ọlọ́run, Ọlọ́run náà ni. Àlàyé yìí dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò dé ìdí ọ̀rọ̀. Ní Ayodhya, ní ilẹ̀ Íńdíà tí ẹ̀kọ́ yẹn ti ṣẹ̀ wá, ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún 1992 ni ogunlọ́gọ̀ ẹlẹ́sìn Híńdù wó mọ́ṣáláṣí Babri palẹ̀, mọ́ṣáláṣí tó ti wà níbẹ̀ láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Rògbòdìyàn tó tẹ̀lé e gba ẹ̀mí nǹkan bí 2,000 èèyàn. Ẹ̀kọ́ kan náà ló wà ní Ayodhya àti Odorkor, ìlú kan gbiná, èkejì tòrò. Èrò tèmi ni pé ọwọ́ tí onílẹ̀ fi gba àlejò ló ń pinnu irú èyí: ẹni tó fún un níbi tí yóò kọ́lé sí, ẹni tó fún un ní ìyàwó, ẹni tó ń ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ bí ẹjọ́ bá dé ààfin. Ibi tí a ti lè rí ètò yìí kedere ju Accra lọ ni àríwá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ní àyíká Bassila àti Manigri, níbi tí mọ́ṣáláṣí ti kọ́kọ́ jẹ́ àlejò, kí ṣọ́ọ̀ṣì tó wá tẹ̀lé e.

Ìjọba ìbílẹ̀ Bassila wà ní gúúsù ẹkùn Donga. Ilẹ̀ rẹ̀ tó 5,661 kìlómítà níbùú lóròó, iye èèyàn tí ìkànìyàn ọdún 2013 sì bá níbẹ̀ jẹ́ 130,091. Ìyẹn ni pé kò tó èèyàn 25 lórí kìlómítà kan níbùú lóròó. Ilẹ̀ tí ó gbòòrò báyìí, tí ọwọ́ tó ń roko lórí rẹ̀ kò pọ̀, kì í lé àlejò. Èèyàn ni irú ìlú bẹ́ẹ̀ ń wá. Bassila gan-an jẹ́ ìlú àwọn Anii, tí èdè wọn jìnnà sí tiwa. Manigri jẹ́ ìlú Nàgó, ọmọ Yorùbá. Ẹ̀ka èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ náà ni wọ́n ń sọ ní Kambolé ní ilẹ̀ Tógò, débi pé àwọn onímọ̀ èdè so orúkọ ìlú méjèèjì pọ̀ láti fi pè é. Àdéhùn tí Faransé àti Jámánì fọwọ́ sí ní ọjọ́ 23 oṣù Keje ọdún 1897 ló fa ààlà gba àárín wọn. Kotokoli, Lokpa àti Fúlàní náà wà káàkiri agbègbè yìí. Ìsìláàmù ló lékè ní ẹkùn Donga lónìí, bẹ́ẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀, igbó òrìṣà náà sì wà. Kò sí ẹni tó lè sọ pé inú ìwé kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti kọ́ bí a ṣe ń bá ara ẹni gbé.

Ọ̀nà ló gbé Ìsìláàmù dé agbègbè náà, ohun tó sì gbé ọ̀nà náà ró ni obì gbànja. Fún ọ̀pọ̀ ọdún kí òyìnbó tó dé, àwọn alájàpá ń ti ilẹ̀ Haúsá gba Borgu àti Djougou kọjá lọ sí Salaga ní ilẹ̀ Gonja, wọ́n á ta ohun tí wọ́n rù lọ, wọ́n á sì ru obì bọ̀. Ìrìn ọ̀pọ̀ oṣù ni, kò sì sí ẹni tó lè rìn ín láìní onílé lójú ọ̀nà. Nínú àwọn oníṣòwò mùsùlùmí yìí, àwọn tí wọ́n ń pè ní Wàǹgárà tẹ̀dó pátápátá. Bí wọ́n ṣe tẹ̀dó ní Djougou, tó jẹ́ olú ìlú ẹkùn Donga lónìí, ni kókó ọ̀rọ̀ mi. Àwọn Yowa ló ni ilẹ̀, ọwọ́ wọn ni ètùtù ilẹ̀ wà. Ìdílé tó wá láti ilẹ̀ Gurma ló ń jọba. Àwọn mùsùlùmí ní àdúgbò tiwọn, iṣẹ́ wọn sì ni òwò àti kéwú. Ẹni tó ń bọ ilẹ̀ kò du oyè, ẹni tó ń jọba kò du àdúrà, ẹni tó ń kírun kò du ilẹ̀. Ọba nílò oníṣòwò nítorí owó ibodè àti nítorí tírà tí wọ́n ń ṣe fún un. Oníṣòwò nílò ọba nítorí ààbò ojú ọ̀nà. Àwọn méjèèjì sì nílò onílẹ̀, nítorí bí òjò kò bá rọ̀, ẹnu ẹni tó mọ ilẹ̀ ni gbogbo ìlú ń wò.

Ẹ̀rí tó sún mọ́ni jù nípa bí ó ṣe rí nínú ilé wà nínú ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ ní Detroit ní ọdún 1854. Mahommah Gardo Baquaqua, ọmọ bíbí Djougou tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil ní nǹkan bí ọdún 1845, ló ni ìtàn inú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ jẹ́ mùsùlùmí tí kì í fi àdúrà ṣeré. Ìyá rẹ̀, tó wá láti Katsina, fẹ́ràn ẹ̀sìn náà dáadáa, ṣùgbọ́n kò ráyè fún ìrun kíkí. Baquaqua fúnra rẹ̀ kò nífẹ̀ẹ́ ilé kéwú rárá, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni olùkọ́. Nígbà tó sì dé orí bí wọ́n ṣe ń péjọ kírun, ó ní inú àgbàlá ńlá kan tó jẹ́ ti bàbá àgbà òun ni, ìbátan òun kan ló sì ń ṣe lémọ́mù, tí àwọn àgbà tò ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ilé ẹnì kan ni ilé àdúrà náà. Ẹni tó bá fẹ́ bínú sí àwọn tó ń kírun, agbo ilé kan ló ń dojú kọ, agbo ilé tó ní àna, tó ní onígbèsè, tó ní ọ̀rẹ́ káàkiri ìlú. Nínú agbo ilé kan náà, ẹ̀yà ìgbàgbọ́ mẹ́ta la ti kà yìí: ẹni tó mú un le, ẹni tó fi ọwọ́ dẹngbẹrẹ mú un, àti ọmọ tó ń sá fún wàláà. Níbi tí ẹ̀sìn bá ti gba inú ìdílé kọjá bẹ́ẹ̀, ó ṣòro kí ó tó di odi ìlú.

Ní Nikki, ní ìlà oòrùn Djougou, àjọṣe yìí wọ inú kàlẹ́ńdà pàápàá. Ọdún Gaani ni ọdún ọba àwọn Baatonu: ẹṣin á jó, kàkàkí á dún, ọba á lọ sí ojú ibojì àwọn baba ńlá rẹ̀. Ọdún ìjọba ni, ọdún alálẹ̀ ni. Síbẹ̀, ọjọ́ ìbí Ànábì ni wọ́n fi ń mọ ọjọ́ rẹ̀, òṣùpá àwọn mùsùlùmí ló ń darí rẹ̀. Àwọn aáfà kan lè máa sọ pé àdàlù ni èyí, àwọn tó sì fẹ́ kí ìṣẹ̀ṣe mọ́ pérépéré náà lè sọ bẹ́ẹ̀. N kò ní bá wọn jiyàn lórí ẹ̀kọ́ ìsìn. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé àwọn tó dá a sílẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: ọba tó bá fi ọdún rẹ̀ sí ọjọ́ tí àlejò rẹ̀ ń yọ̀, ó ti sọ ayọ̀ àlejò náà di ti ìlú, kò sì fi ìtẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ilẹ̀ Bassila, nítorí ibẹ̀ ni ẹlẹ́rìí kan wà tí kì í ṣe èèyàn. Igbó òrìṣà Kikélé wà ní ìjọba ìbílẹ̀ náà, ẹdun sì ń gbé inú rẹ̀: irú ẹdun tí ara rẹ̀ dúdú, tí itan rẹ̀ funfun, tí ìrù rẹ̀ gùn tí ó sì funfun. Ọwọ́ rẹ̀ kò ní àtàǹpàkò tó ṣe é fi di nǹkan mú. Ìka mẹ́rin yòókù ló fi ń há ẹ̀ka. Yorùbá tó bá ní ìbejì nílé mọ ipò tí ẹdun wà lọ́dọ̀ wa. Ẹranko yìí wà lára àwọn ọ̀bọ tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n parẹ́ láyé, kò sì ju ibi díẹ̀ lọ tí ó ṣẹ́ kù sí ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ẹran rẹ̀ ṣeé jẹ, ìbọn sì wà. Ohun tó dá a sí ní Kikélé ni èèwọ̀ ìlú. Ìbéèrè tí mo fẹ́ bi ẹni tó bá ní Ìsìláàmù ti gbá ohun gbogbo lọ ní Donga ni èyí: bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ta ló ń pa èèwọ̀ náà mọ́ láti ìgbà náà wá? Àwòrò nìkan kò lè ṣọ́ igbó. Àyàfi bí àwọn tó ń kírun àti àwọn tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì náà bá fà sẹ́yìn ni ẹdun fi lè wà láàyè. Àwọn olùwádìí méjì, Agbo àti Sokpon, ka 2,940 irú igbó bẹ́ẹ̀ jákèjádò ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ní ọdún 1998, gbogbo rẹ̀ kò sì ju 18,360 héktà lọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ igbó kéékèèké lẹ́yìn ilé. Ọdún 2012 ni ìjọba tó ṣe òfin tó dá wọn mọ̀ lábẹ́ òfin igbó. Kí ó tó di ìgbà náà, ẹnu àgbà nìkan ni odi wọn.

Ẹnì kan lè sọ pé mo ń fi ohun tí òfin ṣe yin ìṣẹ̀ṣe. Òótọ́ ni pé ìwé òfin ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990 sọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ di orílẹ̀-èdè tí ìjọba rẹ̀ kò ní ẹ̀sìn, tí ó sì fún olúkúlùkù lómìnira ìjọsìn. Òótọ́ ni pẹ̀lú pé ìkànìyàn 2013 fi hàn pé kò sí ẹ̀sìn kan tó kó ìdajì àwọn ará ìlú: mùsùlùmí jẹ́ 27.7 nínú ọgọ́rùn-ún, Kátólíìkì 25.5, àwọn tó pe ara wọn ní ẹlẹ́sìn Vodun 11.6. Wọ́n á ní níbi tí agbára kò ti ju agbára lọ, dandan ni sùúrù. Àwọn ìdáhùn tó bá ọ̀rọ̀ náà mu wà nílẹ̀. Ẹkùn Donga kò rí bí gbogbo orílẹ̀-èdè ṣe rí: mùsùlùmí pọ̀ níbẹ̀ ju gbogbo yòókù lọ, síbẹ̀ igbó òrìṣà dúró, ìjọ Kátólíìkì sì gbilẹ̀ débi tí póòpù fi yan bíṣọ́ọ̀bù sí Djougou ní ọdún 1995. Ní ti òfin, ìjọba tó wà ṣáájú 1990 kò dáàbò bo ìṣẹ̀ṣe rárá. Lẹ́yìn tí Ààrẹ Mathieu Kérékou kéde ìjọba Marx àti Lenin ní ọdún 1974, ìjọba fúnra rẹ̀ ló gbógun ti àwọn tó pè ní àjẹ́ àti ti oyè àtijọ́: wọ́n ń mú àwọn arúgbó jẹ́wọ́ lórí rédíò, wọ́n ń gé ìrókò àti igi oṣè tí wọ́n ní àjẹ́ ń pàdé sí. Nígbà tí gbogbo agbára òfin dojú kọ òrìṣà, aládùúgbò tó jẹ́ mùsùlùmí tàbí onígbàgbọ́ lè fi àyè yẹn gba igbó náà sí oko rẹ̀. Igbó tó ṣẹ́ kù lónìí fi hàn pé ní ibi púpọ̀ wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Àríyànjiyàn tó le jù kọjá èyí. Ọ̀nà obì tí mo ń yìn yẹn, ọ̀nà ẹrú ni pẹ̀lú. Baquaqua fúnra rẹ̀ gba ọ̀nà dé Dàhòmì, ó sì ti ibẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi. Kétu, ìlú Yorùbá, ṣubú sọ́wọ́ Dàhòmì ní ọdún 1886. Ta ló lè pe irú ayé bẹ́ẹ̀ ní ayé àlàáfíà? N kò pè é bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń sọ kéré sí ìyẹn: ogun pọ̀, ṣùgbọ́n ẹrú, owó ibodè àti ìtẹ́ ni wọ́n sábà máa ń jà lé lórí, kì í ṣe ọ̀nà tí ẹnì kan ń gbà pe Ọlọ́run. Ẹlòmíràn á mẹ́nu kan Jos ní Nàìjíríà, níbi tí ọ̀rọ̀ onílẹ̀ àti àlejò gan-an ti di iná tó jó ìlú léraléra láti ọdún 2001. Bí ètò onílẹ̀ àti àlejò bá dára tó bí mo ti wí, kí ló dé níbẹ̀? Ní Jos, ìwé ìjọba ló sọ àlejò di àlejò títí ayé. Ẹni tí bàbá bàbá rẹ̀ ti kú síbẹ̀ kò rí ìwé ọmọ onílùú gbà, kò sì rí ipò tí ìwé náà ń gbé wá. Ètò àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹnu ọ̀nà méjì: ọ̀kan tí àlejò ń gbà wọlé, àti ọ̀kan tí ọmọ rẹ̀ ń gbà di ẹbí, ní pàtàkì nípa ìgbéyàwó. Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn kejì, ti àkọ́kọ́ di ẹ̀wọ̀n.

Pẹ̀lú èyí lọ́wọ́ ni ìtàn Accra fi yéni. Àwòrán àwọn òrìṣà Íńdíà ti dé etíkun wa kí tẹ́ńpìlì kankan tó dé. Àwòrán obìnrin kan tó ń fi ejò ṣeré, tí ilé iṣẹ́ Friedlaender tẹ̀ ní Hamburg ní ẹ̀wádún 1880, di ojú tí wọ́n mọ Mami Wata, òrìṣà omi, sí láti Nàìjíríà títí dé Gánà. Ní ọdún 1955, ilé iṣẹ́ kan ní Bombay tún tẹ 12,000 rẹ̀ fún àwọn oníṣòwò tó ń tà á ní Kumasi. Àwọn oníṣòwò Sindhi láti Íńdíà, tí ilé ìtajà wọn ti wà ní Èkó àti Accra láti ẹ̀wádún 1920, ń ta àwòrán Lakshmi, Shiva àti Hanuman. Àwọn abọrẹ̀ Vodun ní etíkun Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ rà wọ́n, wọ́n gbé wọn sí ojúbọ, wọ́n sì fún wọn ní orúkọ ilé. Àwọn Sindhi fúnra wọn kò wàásù fún ẹnikẹ́ni. Ilé àti ṣọ́ọ̀bù wọn ni wọ́n ti ń gbàdúrà. Àwọn tó kó ìròyìn agbára òrìṣà Íńdíà wọ ilé àwọn ará Gánà ni àwọn sójà tó bá ogun òyìnbó lọ sí Burma, àti sinimá. Ọmọ Senya Beraku kan tí wọ́n bí ní ọdún 1937, tí àwọn òbí rẹ̀ ti di onígbàgbọ́, ló wá gbé e dé ìparí: ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Rishikesh ní ilẹ̀ Íńdíà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ Divine Life Society, Swami Krishnananda gbà á wọ ẹgbẹ́ àwọn swami ní ọdún 1975, ó sì gba orúkọ Ghanananda Saraswati. Òun ni olórí tẹ́ńpìlì Odorkor títí ó fi kú ní ọdún 2016. Àwọn tó ní òkèèrè ni ẹ̀sìn náà ti wá kò purọ́, ṣùgbọ́n àlejò kọ́ ló gbé e wọlé. Ọmọ ilé ló rìnrìn àjò, ló sì gbé òrìṣà bọ̀. Kò sẹ́ni tó lè ní kí ó kó ẹrù rẹ̀ padà sí ìlú rẹ̀.

Nínú Accra kan náà, ìjà ẹ̀sìn ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1998, kò sì kan Híńdù. Àwọn Ga, tó ni ilẹ̀ Accra, máa ń fòfin de ìlù fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ṣáájú ọdún Homowo. Ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Korle Gonno lu ìlù nínú àkókò náà, àwọn ọ̀dọ́ Ga sì ya wọ ibẹ̀. Ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ náà sí ìjà láàárín Jésù àti òrìṣà kò rí i dáadáa: ọ̀pọ̀ nínú àwọn Ga jẹ́ onígbàgbọ́ fúnra wọn. Èèwọ̀ onílẹ̀ ni ìjà náà dá lé, àti àlejò tó ní àṣẹ onílẹ̀ kò kan òun. Irú èèwọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ń pa mọ́ nípa ẹdun ní Kikélé.

Ètò náà ní ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó, mo sì rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Bassila kù sí lọ́jọ́ òní. Ẹni tó fẹ́ jókòó ni ètò onílẹ̀ àti àlejò mọ̀ ọ́n tọ́jú. Darandaran kì í jókòó. Fúlàní tó ń da màlúù kọjá lọ́dọọdún kì í pẹ́ tó láti ní onílé, láti fẹ́ ọmọ ìlú, tàbí láti mọ igbó tí a kì í wọ̀. Ìrun ni òun náà ń kí, bí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tó ń bá jà lórí ọkà tí màlúù jẹ ṣe ń kírun. Ẹ̀sìn kan náà kò mú kí wọ́n rẹ́. Ní ìgbà tí ilẹ̀ ṣì pọ̀ rẹpẹtẹ, màlúù a máa rí ibi gbà kọjá. Ṣùgbọ́n oko kájú àti oko iṣu ti ń jẹ ọ̀nà wọn. Ní ìparí ọdún 2019, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ dá àwọn darandaran tó ń ti ilẹ̀ òkèèrè wọlé dúró. Láti ìparí ọdún 2021 ni àwọn agbébọn tó ń fi Ìsìláàmù bojú sì ti ń kọlu àwọn ìletò Atacora àti Alibori ní òkè pátápátá, àwọn tó sì ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ náà sọ pé inú àwọn darandaran tí wọ́n ti lé kúrò ní pápá ni wọ́n ti ń wá ọmọ ogun. Àwọn tó ń pe ìpàdé lémọ́mù àti fádà láti wá ojútùú sí i ń ṣe ohun tó dára, ṣùgbọ́n ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ jókòó níbẹ̀ ni onílẹ̀ tó mọ ibi tí ọ̀nà màlúù gbà tẹ́lẹ̀, àti darandaran tó ń wá ẹni tí yóò dúró fún un.